Ta Ló Ni Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Mọ̀? Àgbéyẹ̀wò Kan Láti Mpape

Lẹ́yìn òkè tó dúró ti Maitama ni Mpape wà, lábẹ́ Bwari Area Council. Àwọn Gbàgyí ló ni ilẹ̀ náà kí Abuja tó di olú-ìlú, òkúta tí wọ́n sì fọ́ níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ìlú ńlá tó wà lódìkejì òkè. Láàárín ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì ní Mpape, ó mì dé Maitama. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà tọ́ka sí ni ẹ̀tù tí àwọn kúárì ń yìn láti fọ́ àpáta, àti kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbẹ́ lọ rẹpẹtẹ káàkiri Abuja. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tún máa ń mẹ́nu ba ibi tí àpáta ti là lábẹ́ ilẹ̀, tí ìlà rẹ̀ ti Ifẹ̀wàrà lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀ gba ìhà àríwá lọ dé Zungeru ní Ìpínlẹ̀ Niger.

Ta ló mọ̀ jù nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ẹni tó ń yin ẹ̀tù ní kúárì mọ ọjọ́ àti wákàtí tó yìn ín, ó mọ bí ihò ṣe jìn tó àti iye ẹ̀tù tó rọ sí i. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ mọ irú àpáta tó bá pàdé ní mítà mẹ́wàá, ní ogún, ní ọgọ́ta, ó sì mọ ibi tí omi ti yọ. Bí a bá kó gbogbo àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn jọ sórí máàpù kan ṣoṣo, onímọ̀ ilẹ̀ yóò rí nǹkan gidi bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú fáìlì ilé-iṣẹ́ ni àkọsílẹ̀ náà wà. Bí ẹnjiníà kan bá fẹ́ kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí jọ́nà, àfi kó gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá. N kò fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ kankan pé ó fi nǹkan pamọ́. Bí iṣẹ́ ṣe rí níbi gbogbo ni mò ń sọ.

Ìbéèrè kan náà, ta ló ni ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀, ló wà níwájú ọmọ tó ń kọ kóòdù fún báńkì ní Wuse, tó sì ń padà sí yàrá rẹ̀ ní Mpape lálẹ́ lọ kọ kóòdù tirẹ̀. Bó bá gbé èyí tó kọ lálẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì tún un ṣe, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní open source, ṣé tirẹ̀ ni àbí ti báńkì? Ilé-iṣẹ́ kan lè sọ pé òun kò gbà. Òmíràn lè gbà, kó sì fi àṣẹ sí i. Òmíràn a gbà láìbéèrè. Òmíràn kò ní sọ nǹkan kan rárá títí ọ̀rọ̀ yóò fi bẹ́ sílẹ̀. Mo ti gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo sì rí ni pé èyí tó sọ pé òun kò gbà kọ́ ló burú jù. Èyí tó dákẹ́ ni.

Láti ilé ọtí dé ilé ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1899, William Sealy Gosset gba iṣẹ́ ní ilé ọtí Guinness ní Dublin. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ọkà bálì tó dára àti bí ọtí yóò ṣe máa dọ́gba láti ìgbà dé ìgbà. Àyẹ̀wò tó lè ṣe kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìṣirò tó wà nígbà náà ń fẹ́ àyẹ̀wò lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ló bá wá ọ̀nà tí èèyàn fi lè ti ara ìwọ̀nba díẹ̀ mọ òótọ́. Guinness kò fẹ́ kí àwọn abánidíje mọ ohun tó ń ṣe nínú ilé. Wọ́n gbà kó tẹ iṣẹ́ náà jáde, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀. Ní 1908, jọ́nà Biometrika gbé e jáde lábẹ́ orúkọ "Student". Di òní olónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Abuja kò lè ṣàìpàdé Student's t-test, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ilé ọtí ló bí i. Ìlànà Guinness jẹ́ kí ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ aráyé, àmọ́ ó gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó làágùn lé e lórí.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí Richard Stallman gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1984, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tó pè ní GNU, kí ilé-ẹ̀kọ́ náà má baà sọ lọ́la pé àwọn ló ni kóòdù tó fẹ́ fún gbogbo ayé. Ara ohun tó ti ibẹ̀ jáde wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró lónìí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lè fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ nítorí kóòdù ọ̀fẹ́, nígbà tí owó ilé ń bọ̀, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣàn-án là á rìn, ajé ní í mú ni pá kọ́rọ́.

Àwọn tó ń gbàyè àti àwọn tí kò ní láti gbà á

Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ló mọ ọ̀nà àyè gbígbà jù. Àwọn ẹnjiníà epo máa ń ka ìwé ìwádìí níbi àpérò ọdọọdún tí ẹgbẹ́ wọn, SPE, ń ṣe ní Èkó. Ẹ ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò: lápá ìsàlẹ̀, òǹkọ̀wé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ NNPC tàbí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó epo, pé wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wo àárín ìwé náà, ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi "Field X" tàbí lẹ́tà lásán rọ́pò orúkọ ibi tí kànga epo wà, wọ́n sì ti yọ nọ́ńbà tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ojú ibẹ̀ gan-an. Àṣà yìí ní àbùkù, nítorí ẹlòmíràn kò lè lọ síbẹ̀ lọ wò bóyá òótọ́ ni. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́, torí pé òṣìṣẹ́ mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó ní jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé inú rẹ̀ ń kọ̀wé sí, pẹ̀lú àkíyèsí pé èrò òǹkọ̀wé ni, kì í ṣe ti báńkì. Gbólóhùn kékeré ni, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe: ó ya ẹnu òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnu ọ̀gá, olúkúlùkù sì lè sọ tirẹ̀ láìkó bá ẹnì kejì.

Ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ọwọ́ tí wọ́n fi mú un yàtọ̀ pátápátá. Ìlànà tí àjọ CGIAR, tí IITA wà nínú rẹ̀, fọwọ́ sí ní 2013 ni pé ìwádìí àti dátà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: owó ìlú ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́ àti iṣu, kò sì sí abánidíje tí wọ́n ń sá fún. Ẹni tó fẹ́ ti ìwádìí mọ́lé níbẹ̀ ló ní àlàyé láti ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ní àwọn yunifásítì wa. Olùkọ́ tí kò bá tẹ ìwé jáde kò ní gba ìgbéga, tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì fẹ́ mówó wá, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NOTAP ti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láti bójú tó páténtì. Ẹni tó kúrò ní yunifásítì bọ́ sí ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ti ibi tí wọ́n ti ń fi dandan lé e pé kó sọ̀rọ̀, bọ́ sí ibi tí wọ́n lè lé e nítorí pé ó sọ̀rọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè wà láàárín. Google kọ ìlànà rẹ̀ lórí open source síta kí gbogbo ayé lè kà á: ó sọ ibi tí òṣìṣẹ́ yóò gbà láti gbé kóòdù jáde, ó sì ní ìgbìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè bẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda iṣẹ́ tó ṣe fúnra rẹ̀. Ní ti Apple, ìparí 2016 ló tó kéde pé àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọgbọ́n inú ẹ̀rọ lọ́dọ̀ òun lè máa tẹ iṣẹ́ wọn jáde, torí pé àwọn onímọ̀ kì í fẹ́ gba iṣẹ́ níbi tí orúkọ wọn yóò ti sọnù.

Ìlànà tó dára lórí ìwé náà lè fọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2020, Timnit Gebru, tí wọ́n bí ní Ethiopia, ń ṣiṣẹ́ lórí ìwà ọmọlúàbí nínú ọgbọ́n ẹ̀rọ ní Google. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé kan lórí ewu àwọn ẹ̀rọ èdè ńláńlá. Google ní kí wọ́n fà á padà tàbí kí wọ́n yọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Gebru ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òun. Láìpẹ́, kò sí níbi iṣẹ́ náà mọ́. Ó ní wọ́n lé òun ni. Google ní òun gba ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 2021, ẹ̀yọ orúkọ kan lára àwọn òǹkọ̀wé ni "Shmargaret Shmitchell", gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé Margaret Mitchell, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ Gebru yẹn, ni wọ́n dà lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́fà lẹ́yìn "Student", òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ṣì ń wá orúkọ mìíràn tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Ohun tí òfin wa sọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun gbogbo tí òṣìṣẹ́ bá ṣe, ti ọ̀gá ni. Òfin Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Kóòdù kọ̀ǹpútà wà lára iṣẹ́ ìkọ̀wé lójú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn. Nínú òfin tí a lò kí ti 2022 tó rọ́pò rẹ̀, ẹni tó kọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́, àní bó bá tilẹ̀ jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ló ti kọ ọ́, àfi tí àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Àwọn ilé ìwé ìròyìn ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ lápá kan. Nítorí náà, ibi tí ojú agbẹjọ́rò kọ́kọ́ ń lọ ni ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ìwé náà sì máa ń ní ìlà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà lọ́jọ́ ayọ̀ tí wọ́n gba iṣẹ́: pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe ní àkókò tó fi wà níbẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ìlà kan yẹn lè gbé kóòdù tó kọ lálẹ́ ní Mpape lọ pẹ̀lú èyí tó kọ lọ́sàn-án ní Wuse.

Lórí páténtì, òfin ti 1970 sọ pé ohun tuntun tí òṣìṣẹ́ hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ti ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà kì í bá ṣe láti hùmọ̀ nǹkan, tó sì lo irinṣẹ́ tàbí ìmọ̀ ibi iṣẹ́, tàbí bí ohun tó hùmọ̀ bá níye lórí kọjá àlà, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tó tọ́ sí i. Ẹni tó mọ̀ pé òfin yìí wà kò pọ̀.

Tàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n pọ̀ ní Mpape nítorí pé owó oṣù wọn kò ká ilé Maitama, tún yàtọ̀. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jáde láìgbàyè, Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962 sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìdẹ́rùbà. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún 2011 ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ti dé. Ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá tú ohun tó gbà gbọ́ pé ó ń fi ìlera tàbí ẹ̀mí aráàlú sínú ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ láìgbàyè. Fún òṣìṣẹ́ aládàáni, kò sí irú ààbò tó ṣe kedere bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará California ti yanjú apá kan ọ̀rọ̀ yìí láti 1979: ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe ní àkókò tirẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ tirẹ̀, tí kò sì kan òwò ọ̀gá, tirẹ̀ ni, bí àdéhùn tilẹ̀ sọ òdìkejì. Ní 2017, GitHub, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, náà gbé àpẹẹrẹ àdéhùn kan jáde tí ilé-iṣẹ́ yòówù lè lò, tó fi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá ṣe nígbà ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kò sí ohun tó ní kí ilé-iṣẹ́ tó wà ní Abuja má lè kọ ìlà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ láìdúró de òfin ìjọba.

Ẹ̀rù ọ̀gá kì í ṣe asán

Ó yẹ ká gbọ́ tẹnu àwọn ọ̀gá náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní 2014, ẹnjiníà kan ní Uber gbé kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó dátà sí sórí GitHub níta gbangba, olè sì fi kọ́kọ́rọ́ náà wọlé. Orúkọ àwọn awakọ̀ tó lé ní 50,000 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Nàìjíríà náà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà láti oṣù kẹfà 2023, ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ kí orúkọ oníbàárà jò yóò dáhùn fún un.

Páténtì tún wà níbẹ̀. Ohun tí èèyàn bá ti sọ fún gbogbo ayé kì í ṣe tuntun mọ́, òfin kò sì ní fún un ní páténtì. Ẹni tó bá tẹ ìwé jáde lónìí, tó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́la, ti pẹ́. Kóòdù ọ̀fẹ́ pàápàá ní májẹ̀mú tirẹ̀. Irú èyí tó wà lábẹ́ májẹ̀mú GPL ń sọ pé ẹni tó bá fi í kọ́ ohun tirẹ̀, tó sì pín in fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ ṣí tirẹ̀ náà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó dà á mọ́ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ láìbéèrè lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Adúláwọ̀ mọ èyí lára. Ẹgbẹ́ Masakhane, tó kó àwọn ọmọ Áfíríkà jọ láti ilé-iṣẹ́ àti yunifásítì lóríṣiríṣi, gbé àkójọ dátà MasakhaNER jáde ní 2021. David Ifeoluwa Adelani wà lára àwọn tó ṣíwájú iṣẹ́ náà, tó kan èdè mẹ́wàá pẹ̀lú Yorùbá. Gbangba ni wọ́n ti ṣe é, gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ ló sì rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ nígbà kan, JW300, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ́ ẹ̀rọ ìtumọ̀, títí ó fi hàn pé àwọn tó ni ìwé náà kò fún ẹnikẹ́ni láyè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ohun tí kì í ṣe tẹni, a kò lè fi tọrẹ, bí ọkàn ẹni tilẹ̀ mọ́.

Ìlànà tó yẹ kó wà

Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ tó sì ṣe fíríìdọ̀mù, aṣọ oníbàárà tó wà lórí tábìlì kì í ṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ọ̀gá kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gé aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Ó yẹ kí ìlànà ilé-iṣẹ́ pín nǹkan bẹ́ẹ̀: kó dárúkọ àṣírí oníbàárà, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ àti ohun tó fẹ́ gba páténtì lé lórí, kó sì jẹ́ kí ìyókù wà fún òṣìṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó dárúkọ ẹni tí a ó bi. Ìlànà tó ní "ẹ gbàyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ" kò ní ilẹ̀kùn. Kó sì sọ ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá láìsí èsì, kí àìdáhùn di bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó mọ bí ìwé ṣe ń sùn lórí tábìlì ní Abuja mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi orúkọ òṣìṣẹ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú irú àkíyèsí tí CBN ń lò. Kí ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé wọn kò gbà sì rí ìdí rẹ̀ kà lórí ìwé, kó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Èyí tó kù ni ohun tí kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ kankan ní àṣẹ lé lórí: ìmọ̀ tó kan ẹ̀mí àwọn aládùúgbò. Iléeṣẹ́ epo ti fi hàn pé èyí ṣeé ṣe. Dandan ni kí wọ́n kó dátà kànga wọn fún ìjọba, ibi ìkópamọ́ tí orílẹ̀-èdè ní fún un sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò wọn tóbi ju ti kúárì lọ fíìfíì. Ìwé àṣẹ tí kúárì fi ń fọ́ àpáta àti èyí tí agbẹ́kànga yóò gbà lè ní irú ìlà bẹ́ẹ̀: kí àkọsílẹ̀ ẹ̀tù àti ti kànga lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ilẹ̀, kó sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn àkókò tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Nígbà náà, ẹnjiníà tó fẹ́ kọ̀wé kò ní máa bẹ ọ̀gá mọ́, ọ̀gá kò sì ní máa bẹ̀rù pé abánidíje nìkan ni yóò jèrè. Bí ilẹ̀ bá tún mì, ìgbìmọ̀ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ yóò bá dátà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi èèyàn léèrè.